Aṣojú Akẹ́kọ̀ọ́ Kì í Ṣe Ajẹ́lẹ̀

Ní àárín ìlú Port Harcourt, ọgbà ńlá kan wà tí wọ́n fi orúkọ Isaac Adaka Boro sọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà náà kọjá lójoojúmọ́ mọ ọkùnrin yìí sí jagunjagun tí ó kéde Orílẹ̀-èdè Olómìnira Niger Delta ní oṣù kejì ọdún 1966, tí ìjọba àpapọ̀ sì ṣẹ́gun rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá. Wọ́n dájọ́ ikú fún un. Ọ̀gágun Gowon dárí jì í ní ọdún 1967. Ó wọ iṣẹ́ ológun, ó sì kú sí ojú ogun ní ọdún 1968. Ohun tí àwọn tí ń kọjá náà kì í sábà rántí ni pé kí ó tó di ẹni tí ń gbé ìbọn, ó ti jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Nàìjíríà tí ó wà ní Nsukka. Ọgbà ìlú Port Harcourt ń jẹ́ orúkọ ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò yàn rí. Ìbéèrè tí ó wá kù ni èyí: kí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dìbò yan irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún?

Bí ènìyàn bá gbé ìbéèrè yìí dé Choba, níbi tí Yunifásítì Port Harcourt ti fìdí kalẹ̀ láti ọdún 1975, kò ní ṣàì gbọ́ ìdáhùn mẹ́ta. Àwọn aláṣẹ ilé-ìwé yóò ní olùrànlọ́wọ́ àwọn ni ààrẹ akẹ́kọ̀ọ́, pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó jẹ́ kí ọgbà tòrò. Olóṣèlú yóò ní ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó lè kó èrò jọ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tí inú ń bí yóò ní ẹni tí yóò ṣíwájú àwọn lọ sí títì ni, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tọ̀nà, èkínní ni ó sì burú jù lọ nínú wọn, nítorí pé òun ni ó jọ ọ̀rọ̀ àgbà.

Kí òǹkàwé má ṣe sọ pé Port Harcourt jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá ń kàwé níbẹ̀, ọmọ Yorùbá ń kọ́ni níbẹ̀, irú ẹgbẹ́ tí ó sì wà ní Choba ni ó wà ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Ifẹ̀ àti ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ Port Harcourt ṣe kókó ni pé níbẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti fojú rí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí ẹni gbé e wọ iyàrá ìpàdé ní àkókò.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn aláṣẹ Yunifásítì náà fi àáké kọ́rí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá tíì san owó ilé-ìwé kò gbọdọ̀ ṣe ìdánwò. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde. Wọ́n dí ọ̀nà East-West tí ó gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà wọn kọjá, àwọn ọlọ́pàá dé, ìbọn dún, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì kú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ti yunifásítì pa, tí wọ́n sì ní kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ máa lọ sí ilé. Ẹni tí ó ti san owó rẹ̀ pé àti ẹni tí kò san rárá jọ di ẹrù kan náà, wọ́n jọ dúró ní ibùdókọ̀.

Àwọn kan dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi, àwọn mìíràn dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́bi, àwọn mìíràn sì dá àwọn aláṣẹ lẹ́bi. Ó yẹ kí ẹjọ́ náà ní ibi tí yóò parí sí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìbọn ni gbogbo ẹjọ́ wọ̀nyí wà. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn wò ni ohun tí ó wà ṣáájú ìbọn. Ọjọ́ gbèdéke owó ilé-ìwé kì í já bọ́ láti ojú ọ̀run. Ẹnìkan ni ó máa ń dá a lábàá nínú ìpàdé. Ìgbìmọ̀ yóò gbà á wọlé. Akọ̀wé yóò kọ ọ́ sí ìwé. Wọn yóò lẹ ìwé náà mọ́ ara pátákó. Láàárín ọjọ́ tí wọ́n dá a lábàá àti ọjọ́ tí ọ̀nà dí, ọ̀sẹ̀ máa ń kọjá, nígbà mìíràn oṣù. Àkókò yẹn gan-an ni oko tí wọ́n fún aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ ro. Kì í ṣe ẹni tí ó wà lórí ipò ní ọdún 2016 ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Ipò náà fúnra rẹ̀ ni, àti ohun tí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ti sọ ọ́ dà.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e yẹ̀ wò. Ní ọdún 2015 àti 2016, ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó jẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní owó oṣù, tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi ní láti gbé owó ìrànwọ́ jáde fún wọn. Ọmọ olùkọ́ tí kò gba owó oṣù, níbo ni yóò ti rí owó ilé-ìwé? Ẹni tí ó san owó ní báńkì ṣùgbọ́n tí orúkọ rẹ̀ kò jáde, ta ni yóò bá a wá a? Mélòó ni àwọn tí kò lè san rárá, mélòó ni àwọn tí ó lè san ìdajì, mélòó sì ni àwọn tí ó ní owó lọ́wọ́ tí wọ́n kàn ń fi ṣòwò? Aṣojú tí ó bá ní ìṣirò wọ̀nyí lọ́wọ́, tí ó to orúkọ wọn ní ẹ̀ka-ẹ̀ka, tí ó sì gbé e síwájú Gíwá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìdánwò, ti sọ ohun tí ariwo kò lè sọ. Ẹni tí kò ní í lọ́wọ́, yálà kí ó máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó máa pariwo ní títì, òfo ni.

Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé ìwé ni akẹ́kọ̀ọ́ wá kà, pé kí ó fi ọ̀rọ̀ ìlú sílẹ̀ fún àwọn tí ó ni ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò dé Aluu. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹwàá ọdún 2012, ní Omuokiri-Aluu, abúlé kan tí kò jìnnà sí ọgbà yunifásítì, ọ̀pọ̀ èrò pa ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Port Harcourt. Wọ́n pè wọ́n ní olè. Kò sí adájọ́, kò sí agbẹjọ́rò, kò sí ẹni tí ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ọdún 2017 ni ilé-ẹjọ́ tó dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ náà, ọlọ́pàá kan sì wà nínú wọn. Kí ni ó gbé akẹ́kọ̀ọ́ dé Aluu? Ilé kò tó nínú ọgbà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń gba yàrá ní Choba, ní Alakahia àti ní Aluu, lọ́wọ́ onílé tí kò mọ ìdílé wọn, ní àdúgbò tí wọn kò mọ baálẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìwé ni wọ́n wá kà, kí ó sọ ibi tí wọn yóò sùn lẹ́yìn tí wọ́n bá kà á tán.

Nítorí náà, ojú aṣojú gbọ́dọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà ọgbà. Ó yẹ kí ó mọ olórí ọ̀dọ́ Aluu ní orúkọ, kí àwọn ọdẹ òru náà sì mọ̀ ọ́n. Ó yẹ kí ìwé kan wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí ó sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ń gbé ní òpópónà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó di pé ẹnìkan kígbe olè ní ìdájí. Irú iṣẹ́ báyìí kò ní ìlù nínú. Kò sí ẹni tí yóò ya fọ́tò rẹ̀.

Èdè Yorùbá ti tú àṣírí iṣẹ́ yìí fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́. Aṣojú ni wọ́n ń pè é. Wọn kò pè é ní aṣẹnu. Ojú ni wọ́n ní kí ó ṣe, ìyẹn ni pé ohun tí gbogbo wọn ì bá rí bí wọ́n bá lè wọ iyàrá ìpàdé náà ni kí ó bá wọn rí. Àwọn kan náà sì tún ń pè é ní olóyè ẹgbẹ́, ọ̀rọ̀ kejì yìí ni ó ba èkínní jẹ́. Ibi tí oyè bá dé, fìlà yóò dé, ẹni tí ń gbé àpò yóò dé, ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ yóò dé, ẹ̀bùn yóò sì tẹ̀lé wọn. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ tipẹ́: bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì. Bí ojú bá sì ti tì, kí ni ó kù lára aṣojú?

Orúkọ kan wà nínú ìtàn Yorùbá tí ó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mu ju olóyè lọ. Nígbà tí Ìbàdàn di alágbára ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n a máa fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú tí ó bá wà lábẹ́ wọn ní Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà. Ajẹ́lẹ̀ ń gbé láàárín ìlú, ó mọ gbogbo ilé, ó ń jẹ nínú oko wọn, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ìlú bá sọ̀rọ̀ kùjẹ́kùjẹ́, ajẹ́lẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ránṣẹ́ sílé. Ó rí bí aṣojú lójú ẹni tí kò wo ọ̀rọ̀ dé ìdí. Ní Ìmẹ̀sí ní ọdún 1878, Fábùnmi dìde sí ajẹ́lẹ̀, wọ́n pa á, ogun tí ó sì ti ibẹ̀ wá, tí wọ́n ń pè ní Ogun Kírìjì, fi ọ̀pọ̀ ọdún da ilẹ̀ Yorùbá rú. Kò sí ẹni tí ń sọ pé kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe bí Fábùnmi. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ìlú tí ajẹ́lẹ̀ ti gba ipò aṣojú mọ́ lọ́wọ́ kì í ní ọ̀nà mìíràn tí yóò gbà sọ̀rọ̀ mọ́ ju ìjà lọ. Àwọn aláṣẹ yunifásítì tí ń fi ayọ̀ sọ ààrẹ akẹ́kọ̀ọ́ di ajẹ́lẹ̀ tiwọn, ẹ̀yìn ọ̀la ni wọn kò wò. Wọ́n rò pé àlàáfíà ni àwọn rà. Ariwo tí ì bá máa dé etí wọn díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n dí lẹ́nu, títí yóò fi ya lu títì lọ́jọ́ kan.

Báwo ni ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ dìbò fún ṣe ń di ajẹ́lẹ̀? Kì í ṣe ní ọjọ́ kan. Láti ìgbà tí ó ti ń ra fọ́ọ̀mù ni. Owó pósítà, owó ọkọ̀ tí ń gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kiri, owó àríyá alẹ́ ìbò, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè rí gbogbo rẹ̀ nínú owó oúnjẹ rẹ̀. Ẹnìkan ni yóò san án. Ní ìpínlẹ̀ tí owó epo rọ̀bì ti sọ ìṣèlú di òwò ńlá bí ìpínlẹ̀ Rivers, ẹni náà kì í wọ́n. Olóṣèlú tí ó san owó pósítà kò ṣe àánú, àgbẹ̀ ni. Ó gbìn ín sílẹ̀ de ọdún ìbò tirẹ̀ ni. Nígbà tí ààrẹ bá sì dé orí ipò, yóò bá owó ẹgbẹ́ ní ibi tí kò ti lè fọwọ́ kàn án, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn aláṣẹ ni ó ń gba owó ẹgbẹ́ pọ̀ mọ́ owó ilé-ìwé, àwọn náà ni ó ń tọ́jú rẹ̀, àwọn náà ni ó sì ń sọ ìgbà tí wọn yóò fún wọn. Ẹni tí ó di okùn àpò mú ni ó ń pàṣẹ fún alápò. Ààrẹ tí ó bá ń bá Gíwá jiyàn ní òwúrọ̀ ni yóò tún lọ bẹ̀bẹ̀ fún owó ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ ní ọ̀sán.

Ìgbà náà ni àwo ẹ̀yẹ yóò bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò ní owó tí yóò fi ṣe iná sí ẹnu ọ̀nà ilé àwọn obìnrin yóò rí owó ṣe àwo ẹ̀yẹ onídígí, wọn yóò gbé e lọ fún gómìnà tàbí fún mínísítà pé òun ni ọ̀rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀rẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yóò rẹ́rìn-ín, yóò bọ́ wọn lọ́wọ́, yóò fún wọn ní ọkọ̀. Wọn yóò padà wálé. Omi kò tíì ṣe é mu nínú ọgbà.

Kì í ṣe báyìí ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní London ní ọdún 1925, ohun tí ó ká wọn lára jù ni pé àwọn onílé kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní yàrá. Ṣólàńkẹ́, tí ó jẹ́ akọ̀wé àgbà, wọ ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1929, ó rin Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já láti ìlú dé ìlú, ó ń gba owó lọ́wọ́ ọba àti lọ́wọ́ ọlọ́jà, ọdún 1932 ni ó tó padà. Ní ọdún 1933, wọ́n ṣí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Camden. Ọdún mẹ́ta ní ojú ọ̀nà nítorí ibi tí ènìyàn yóò sùn! Kí wọ́n fi èyí wé ìrìn-àjò tí ààrẹ akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń rìn lọ sí Abuja, kí wọ́n sì béèrè ohun tí ó bá a dé.

Ọ̀rọ̀ ọdún 1978 sì wà níbẹ̀. Ìjọba ológun fi owó oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kún láti àádọ́ta kọ́bọ̀ ní ojúmọ́ sí náírà kan àti àádọ́ta kọ́bọ̀. Ṣẹ́gun Òkéòwò, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ni ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Ìwọ́de tí ó tẹ̀lé e ni wọ́n fi orúkọ Ọ̀gágun Ahmadu Ali, tí ó jẹ́ kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́, sọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kú nínú rẹ̀, wọ́n fi òfin de ẹgbẹ́ náà, wọ́n sì lé Òkéòwò kúrò ní yunifásítì. Yunifásítì Ifẹ̀ ni ó ti padà kàwé gboyè. Lẹ́yìn náà ó ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ó sì di alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ó tó kú ní ọdún 2014. Ó yẹ kí àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fi èyí sọ́kàn: ọkùnrin tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ ní ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé kò lọ kó ilé jọ sí Èkó, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó padà sí. Ìwọ́de ọdún 1978 ní àbùkù tirẹ̀, nítorí pé owó oúnjẹ kò padà sí bí ó ti wà, òkú kò sì jí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè wí pé Òkéòwò jẹ lára ohun tí ó ń bá jà.

Àwọn aláṣẹ kò gbàgbé ọdún náà. Òfin Ológun nọ́ńbà 47 ti ọdún 1989 sọ pé kò pọn dandan kí akẹ́kọ̀ọ́ wọ ẹgbẹ́, ó sì fún àwọn ìgbìmọ̀ olùdarí ní agbára láti dá ẹgbẹ́ dúró àti láti lé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá rí bí elewu. Àwọn ológun ti lọ ní ọdún 1999; òfin wọn kò bá wọn lọ, ó wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 2004 bí ẹni tí ó jókòó sí ilé bàbá rẹ̀. Àwọn aṣòfin tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti jẹ́ olóyè ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí ni ó ń wọlé tí ó ń jáde níbẹ̀. Kí wọ́n bi wọ́n bóyá àwo ẹ̀yẹ ni wọ́n ń dúró dè.

Bí ẹ̀rù bá ń ba ẹni tí ó wà ní ipò yìí, ẹ̀rù náà kì í ṣe ti asán. Ní oṣù keje ọdún 1999, ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òru, wọ́n pa akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún. George Iwilade, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Afrika, wà nínú wọn. Ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ akọ̀wé fún ti kọjú ìjà sí àwọn ẹlẹ́gbẹ́ òkùnkùn kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ń pe ipò yìí ní ibi ìjẹun, kí ó lọ ka orúkọ rẹ̀ ní Ifẹ̀.

Òdìkejì ajẹ́lẹ̀ náà wà o, kò sì sàn jù ú lọ. Òun ni ẹni tí ó gbà pé láìsí ìjà ẹgbẹ́ kò sí. Yóò gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò ṣe é ní nǹkan kan, yóò lọ bá ọmọ ọdún kìíní pé kí ó mú owó ẹgbẹ́ wá láìsí rìsíìtì, yóò sì pe gbogbo rẹ̀ ní ìjàǹgbara. Ọlọ́jà Choba kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti jàǹdùkú. Àwọn aláṣẹ fẹ́ràn irú ẹni bẹ́ẹ̀ ju bí wọ́n ti ń sọ lọ, nítorí òun ni àwáwí tí wọn yóò fi ti ẹgbẹ́ pa.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn tí ó mọ ọ̀nà ní bí aṣojú bá dúró ṣinṣin, wọn yóò lé e, bàbá rẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ rán an lọ sí ilé-ìwé ni yóò sì sunkún. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ni ó rọrùn láti lé? Ẹni tí ó dá dúró ni. Ààrẹ tí kò pe ìpàdé gbogbogbòò láti ọjọ́ tí wọ́n ti búra fún un, tí kò ka ìṣirò owó sí etí ẹnikẹ́ni, tí àwọn tí ó yàn án kò mọ ohun tí ó lọ sọ nínú ìpàdé àti ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn, ọjọ́ tí wọ́n bá lé e, ṣe ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa béèrè pé kí ni ó jẹ tí kò jẹ́ kí àwọn mọ̀. Èyí tí ó bá ń kọ ohun gbogbo sílẹ̀, tí ó ń lẹ ìṣirò mọ́ ara pátákó ní oṣooṣù, tí ìgbìmọ̀ aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́ ń bi í léèrè tí ó sì ń dáhùn, ẹnu àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni wọn yóò kọ́kọ́ dí kí wọ́n tó lé òun. Kò sọ pé wọn kò ní lé e. Ó kàn sọ ọ́ di ohun tí wọn yóò rò lẹ́ẹ̀mejì ni.

Ní Port Harcourt, ohun kan tún wà tí ó mú iṣẹ́ yìí le. Ikwerre, Ogoni, Ijaw, Kalabari, Ìgbò, Ibibio, Yorùbá, gbogbo wọn ni ó wà nínú ọgbà, èdè pijin sì ni ó so wọ́n pọ̀. Ìdìbò a máa di ìka iye ẹ̀yà nígbà mìíràn: ipò yìí kan wa ní ọdún yìí, tiyín di ọdún tí ń bọ̀. Ẹni tí ó bá gba ipò báyìí, ìlú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Bẹ́ẹ̀ ni owó ilé-ìwé kò mọ Ikwerre, kò mọ Yorùbá.

Láti ọdún 2024 ni iṣẹ́ tuntun kan ti dé tí yóò fi aṣojú hàn yàtọ̀ sí ajẹ́lẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yá akẹ́kọ̀ọ́ ní owó, owó ilé-ìwé náà kì í sì gba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kọjá, inú àpò yunifásítì ni wọ́n ń san án sí tààrà. Ó dára. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ ni ó jẹ gbèsè náà, òun sì kọ́ ni owó náà dé ọwọ́ rẹ̀. Bí ilé-ìwé kò bá tètè fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ ńkọ́? Bí owó bá ti wọlé tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kò sì tíì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ọjọ́ ìdánwò sì kù sí dẹ̀dẹ̀ ńkọ́? Bí ó bá ti tọrọ owó san tẹ́lẹ̀ kí ti ìjọba tó dé, ta ni yóò dá a padà fún un? Ọmọ ọdún kìíní láti Ogoni tàbí láti Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi wọ ọ́fíìsì akápò yunifásítì lọ béèrè. Ààrẹ ní ẹsẹ̀ náà. Kò gba ìwọ́de, kò gba pósítà. Tábìlì kan ní iwájú ọ́fíìsì ẹgbẹ́, ìwé àkọsílẹ̀ kan, ẹni méjì tí yóò máa kọ orúkọ àti nọ́ńbà, ọjọ́ kan ní ọ̀sẹ̀ tí wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì akápò, àti àkọsílẹ̀ ìdáhùn tí wọ́n bá fún wọn, èyí tí wọn yóò lẹ̀ síta ní ọjọ́ kejì fún tọmọdé tàgbà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ irú ẹni tí wọ́n yàn ní Choba, tàbí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìwé yìí ti jáde, kí ó má ṣe dúró dè é títí di ọjọ́ ìwọ́de. Kí ó lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ ní ọjọ́ tí kò sí ayẹyẹ kankan, kí ó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá gbé e jáde, kí ó wo ọjọ́ tí wọ́n kọ nǹkan sí i kẹ́yìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwòrán ààrẹ àti gómìnà tí wọ́n jọ ń bọ ara wọn lọ́wọ́ ni wọ́n nà sí i, kí ó kí wọn kú iṣẹ́, kí ó sì lọ sọ fún àwọn tí ó kù.